Èkù Ọ̀bẹ Tí Ń Yọ̀ Lọ́wọ́

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ ìyá ilé kan ní Mushin. Ó ní kí n má bínú pé ọ̀rọ̀ tí òun mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn. Ọkọ rẹ̀ ni ó ra ọ̀bẹ tuntun fún un ní ìgbà ọdún, ọ̀bẹ tí ó mú, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irin, tí ó sì ń dán láti ojú títí dé ìdí. Ṣùgbọ́n ìgbàkúùgbà tí ó bá fi ṣe ẹja tàbí tí ó bá fi gé ẹran, ńṣe ni èkù rẹ̀ ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọṣẹ tí ó bọ́ sínú omi. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì báyìí tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ dé ojú ọ̀bẹ. Ó wá béèrè pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kí ni mo lè ṣe sí i? Mi ò fẹ́ sọ ọ́ nù, nítorí owó ńlá ni wọ́n fi rà á."

Ìyáàfin, kò sí ohun tí ẹ ń tọrọ àforíjì fún. Ọ̀rọ̀ àìsàn gan-an ni ẹ mú wá. Bí ẹ bá jókòó tì mí ní dìsìpẹ́ńsárì wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ìnáwó òpin ọ̀sẹ̀ ti kọjá, ẹ ó rí i pé ibà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé wá, inú rírun sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n agbára káká ni ọjọ́ Ajé kan fi ń kọjá kí obìnrin kan tàbí méjì má wọlé pẹ̀lú ìka tí wọ́n fi àkísà dì. Bí mo bá béèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ọ̀bẹ ni ó yọ̀." Wọn kì í sọ pé ọ̀bẹ mú jù. Wọ́n ní ó yọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ẹlẹ́ja kan fún yín, láìdárúkọ. Wọ́n ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ti ń ta ẹja láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọge. Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, ọgbẹ́ ọwọ́ wọn ti jiná. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀bẹ ti gé wọn. Wọ́n ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ya ẹja tí yìnyín ti mú gan ara wọn ni, ọ̀rá ẹja wà lára èkù, ọ̀bẹ kọ̀ kò wọlé, ọwọ́ wọn sì sáré kúrò lórí èkù lọ sórí ojú ọ̀bẹ. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n fi ewé kan tí aládùúgbò júwe dì í, wọ́n sì padà sí ìdí ọjà wọn. Ohun tí ó gbé wọn wá ni pé ìka tí ó kéré jù ní ọwọ́ ọ̀tún kò tẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ẹ na ọwọ́ yín kí n wò ó." Mo di àárín ìka náà mú, mo ní kí wọ́n tẹ orí rẹ̀ nìkan. Kò tẹ̀. Mo fi òwú fífẹ́lẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé nǹkan kan kàn án. Wọ́n wá sọ ohun tí ń ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, bí mo bá ti ń fọ ẹja láti àárọ̀, gbogbo ìka mi a hun bí ti arúgbó, ṣùgbọ́n èyí nìkan ṣoṣo ni ó ń dán bí ti ọmọ ọwọ́." Wọ́n rò pé àmì ire ni. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. Ní inú ìka ọwọ́ wa, okùn funfun líle kan wà tí í fa ìka tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn tí a fi ń fa garawa láti inú kànga. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì ni okùn tín-ín-rín mìíràn wà tí í gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, pé èyí gbóná, èyí tutù, èyí mú. Wọn kò jìnnà sí awọ rárá. Ọ̀bẹ tí ó bá fà yọ nínú ọwọ́ tí a fún mọ́ ọn lè gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọgbẹ́ òde má sì ju bí ẹyọ wóró ìrẹsì kan tàbí méjì lọ. Ní ti híhun tí ìka ń hun nínú omi, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi ni ó wọ inú awọ tí ó sì mú kí ó wú. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Okùn tí ń gbé ìròyìn yẹn ni í pàṣẹ pé kí òpó ẹ̀jẹ̀ orí ìka sún kì, ìgbà náà ni awọ a wọ inú, tí a sì hun jọ. Láti ọdún 1936 ni àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìka tí okùn rẹ̀ bá ti gé kì í hun nínú omi. Nítorí náà, ìka ìyá ẹlẹ́ja tí ń dán bí ti ọmọ ọwọ́ yẹn kì í ṣe ìka tí ó lera. Ìka tí kò gbọ́ ohùn orí mọ́ ni.

Mo kọ̀wé lé wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tí ó wò wọ́n níbẹ̀ ní ìbá dára tí ó bá jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni wọ́n wá, nígbà tí orí okùn méjèèjì tí ó gé kò tíì sá jìnnà sí ara wọn. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìyá ṣì ń ta ẹja títí di òní, ṣùgbọ́n ìka mẹ́rin ni wọ́n fi ń di ọ̀bẹ mú.

Ìdí nìyí tí n kò fi rẹ́rìn-ín sí lẹ́tà tí ó ti Mushin wá.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èkù idà kì í béèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Ogun ni wọ́n fi pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n ó bá ilé ìdáná mu bákan náà: ẹni tí kò bá di èkù mú dáadáa, ọ̀bẹ ni ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ohun kan tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ni èkù ọ̀bẹ kékeré tí àwọn dókítà ń lò. Irin ni, ó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ibi tí ìka máa ń dúró sí lára rẹ̀ kì í dán. Ìlà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fín sí i. Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ yóò kàn án, àti pé ọwọ́ tí ó bá yọ̀ níbẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Àwọn tí ń ṣe ọ̀bẹ ilé ìdáná fún títà, ẹwà ni púpọ̀ nínú wọn ń wò. Wọ́n a kùn ún kí ó máa dán kí ó lè wu ojú lórí àtẹ. Ọ̀bẹ ìyá tèmi, èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ fún wọn, igi lásán ni èkù rẹ̀, kò dán, kò sì wu ojú, ṣùgbọ́n n kò rántí ọjọ́ kan tí ó yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kí ni ó dé tí ohun dídán fi ń yọ̀ nígbà tí ó bá tutù? Omi, epo tàbí ọ̀rá a tẹ́ pẹrẹsẹ sí àárín awọ ọwọ́ àti èkù, wọn kò sì ní jẹ́ kí awọ kan èkù rárá. Bí èkù bá ní ojú wúruwùru, tàbí ìlà, omi a rí ibi sá sí, awọ a sì lè di igi mú. Ẹ wo táyà mọ́tò. Ìlà tí wọ́n là sí ojú rẹ̀, kí omi òjò lè rí ọ̀nà gbà ni. Bí ìlà náà bá ti jẹ tán, ẹ̀yin náà mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀ nígbà òjò. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ sọ ní ọdún 2013 pé bóyá nítorí èyí ni Ẹlẹ́dàá fi jẹ́ kí ìka wa máa hun nínú omi, nítorí àwọn tí ìka wọn ti hun tètè ń kó ohun tí ó tutù láti ibì kan sí ibòmíràn ju àwọn tí ìka wọn kò hun lọ. Àwọn mìíràn dán an wò ní ọdún 2014, wọn kò sì rí ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ wa.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fọ èkù náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èkù ọ̀bẹ tí a ti ń lò fún oṣù mẹ́fà, tí a ń fi omi ṣan ojú rẹ̀ nìkan, epo pupa àti ọ̀rá ẹran a ti gbẹ mọ́ ọn lára. Bí omi bá tún ti kàn án, a di yíyọ̀. Ẹ lo omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànìnkànìn. Bí epo náà bá ti pẹ́, ẹ fi eérú díẹ̀ kún un gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, nítorí ohun tí ó wà nínú eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú ni ó ń jẹ ọ̀rá. Mo ti rí ọ̀bẹ tí kò nílò ju èyí lọ.

Bí ó bá mọ́ tán tí ó sì tún ń yọ̀, ó di dandan kí a ṣiṣẹ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan èkù, kí ó fi páálí líle wé ojú ọ̀bẹ, kí ó sì fi okùn dì í pinpin. Bàbá kan ní àdúgbò wa gbàgbé èyí. Ibi tí ó ti ń tún èkù ṣe kí ó má baà gé ìyàwó rẹ̀ ni ó ti gé ara rẹ̀.

Èkù onígi ni ó rọrùn jù. Ohun dídán tí wọ́n kùn ún, tí àwọn káfíńtà ń pè ní fánìṣì, ni kí ẹ ha kúrò. Ẹ ra pépà tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, èyí tí yanrìn rẹ̀ nípọn, nọ́ńbà 80. Ẹ fi ha á títí dídán náà yóò fi tán. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ parí, ẹ fi ha á ní ìbú, kì í ṣe ní òró, kí àmì pépà lè dábùú ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà yọ̀. Ṣé ẹ mọ ewé ìpín tí àwọn àgbà fi ń ha igi àti igbá kí pépà tó dé? Ewé ìpín dára, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí igi jọ̀lọ̀ ni, ohun tí a kò sì fẹ́ níhìn-ín nìyẹn. Bí ẹ bá ha á tán, ẹ má fi epo pupa pa á o. Epo pupa kì í gbẹ. A máa yọ̀, a sì máa rùn. Òróró tí àwọn káfíńtà ń pè ní línsíìdì ni í gbẹ sínú igi tí í sì le, díẹ̀ báyìí ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àkísà tí ẹ bá fi nù ún, ẹ tẹ́ ẹ síta gbangba kí ó gbẹ; ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀, nítorí òróró yìí lè mú àkísà gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná.

Èkù oníke ni a lè fi pépà kan náà ha tàbí kí a fi fáìlì fa ìlà díẹ̀díẹ̀ sí i lára. Kí ìlà náà má jìn. Ìlà tí ó bá jìn, ìdọ̀tí ẹran ni yóò máa gbé ibẹ̀.

Ìyáàfin Mushin, èkù tiyín jẹ́ irin, pépà kò lè ṣe ohun púpọ̀ sí i. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àlòkù tíúbù kẹ̀kẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Ẹ gé e ní gígùn èkù yín, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú àti lóde títí ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ yóò fi tán. Kí tíúbù náà kéré díẹ̀ sí èkù, kí ó lè fún mọ́ ọn. Ẹ fi omi ọṣẹ pa èkù àti inú tíúbù, kí ẹ wá ti èkù wọ inú rẹ̀ láti ìdí, bí ẹni ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Bí omi ọṣẹ náà bá ti gbẹ, kò ní yí mọ́. Ẹ ṣọ́ra kí ó má kan ojú ọ̀bẹ, nítorí a kò ṣe rọ́bà yẹn fún oúnjẹ. Kí ó mọ sí ibi tí ọwọ́ ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fọ èkù, kí méjèèjì gbẹ kí ẹ tó dá a padà, nítorí omi a máa fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ rọ́bà, okùn náílọ́ọ̀nù tí àwọn apẹja fi ń hun àwọ̀n dára púpọ̀, nítorí kì í mu omi púpọ̀. Ọkùnrin ahunwọ̀n kan tí mo tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi bí wọ́n ti ń wé e hàn mí, láìsí kókó kankan. Ẹ gé okùn tí ó tó mítà kan àbọ̀. Ẹ ṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ po kí ó di ojóbó, ẹ tẹ́ ojóbó náà sórí èkù, kí orí rẹ̀ kọjú sí ìdí èkù, kí ìpẹ̀kun rẹ̀ tí ó kúrú sì yọ jáde níhà ojú ọ̀bẹ. Ẹ wá mú ìhà tí ó gùn, kí ẹ fi wé èkù àti ojóbó náà pọ̀, láti ìhà ojú ọ̀bẹ lọ sí ìdí, kí ó fún, kí okùn sún mọ́ okùn láìsí àlàfo. Nígbà tí ó bá fẹ̀ tó àtàǹpàkò yín, ẹ ki ìpẹ̀kun tí ẹ fi ń wé é bọ inú orí ojóbó tí ó ṣẹ́ kù síta, kí ẹ wá fa ìpẹ̀kun kúkúrú tí ó wà níhà ojú ọ̀bẹ títí ojóbó yóò fi wọ abẹ́ okùn dé ìdajì. Ẹ gé ohun tí ó yọ ní ìhà méjèèjì. Ẹ ṣe irú rẹ̀ mẹ́ta sára èkù kan. Èyí tí ó wà ní iwájú gan-an, tí ó sún mọ́ ojú ọ̀bẹ, ẹ jẹ́ kí ó nípọn ju ìyókù lọ, kí ẹ wé e ní ìpele méjì. Òun ni ẹnu ọ̀nà. Bí ọwọ́ bá tilẹ̀ ń yọ̀ bọ̀, níbẹ̀ ni yóò ti dúró. Bí mo bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo kọ, ìdènà iwájú yìí ni n óò yàn.

Àwọn tí làkúrègbé ń bá jà ní ìka yóò jàǹfààní lára okùn tàbí rọ́bà yìí ní ọ̀nà mìíràn. Èkù tín-ín-rín a máa jẹ́ kí ènìyàn fún ọwọ́ pọ̀ jù, oríkèé a sì máa dùn wọ́n. Èkù tí ó nípọn díẹ̀ a máa gba agbára tí ó kéré. Bákan náà ni ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ tí ìka yín sì ń kú tipiri: ẹ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìka láti sọ fún yín pé ọ̀bẹ ti ń yí, nítorí náà ẹ má ṣe lo èkù dídán rárá.

Ẹ wá jẹ́ kí n bá àwọn kan wí. Àkísà kì í ṣe ohun tí a ń wé mọ́ èkù ọ̀bẹ. Ó ń di ọwọ́ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mu omi ẹran àti omi adìẹ, kì í sì í gbẹ. Kòkòrò àrùn bíi Salmonella a máa pọ̀ sí i níbẹ̀, ọwọ́ kan náà ni ẹ ó sì fi gé tòmátì tí ẹ kò ní sè. Téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, bí ooru bá ti mú un, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ a máa yọ síta, bí ó bá sì tutù a máa yọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ní ti pílásítà, àwọn kan ń wá bẹ̀ mí ní dìsìpẹ́ńsárì pé kí n bùn wọ́n díẹ̀, mo rò pé egbò ni wọ́n fẹ́ fi bò, àṣé ọ̀bẹ ni! Pílásítà ń mu omi bí àkísà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní egbò.

Èkù tí a tún ṣe dáadáa kò ní gba ẹni tí ń lo ọ̀bẹ tí ó ti kú. Ọ̀bẹ tí kò mú, tipátipá ni a fi ń tì í, ipá yẹn gan-an ni í sì í ti ọwọ́ síwájú. Ẹ máa pọ́n ọ̀bẹ yín. Ẹja tí yìnyín mú gan, ẹ fi í sínú omi tútù kí ó yọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbọn àti agolo wàrà. Ọ̀bẹ tí a fi ń gún nǹkan a máa fa ọwọ́ ya, nítorí bí ṣóńṣó rẹ̀ bá ti dúró lójijì, ọwọ́ kò ní dúró. Ní ti ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ ń yọ̀ lóòyẹ̀, ẹ fi iyọ̀ tàbí eérú pa á lára, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ di orí rẹ̀ mú. Ẹni tí ń gbọ́ ewédú tàbí tí ń rẹ́ ilá, kí ó ṣan ọwọ́ kí ó sì nù ún kí ó tó gbé ọ̀bẹ fún ohun mìíràn. Ẹ má sì ṣe rì ọ̀bẹ sínú bàsíà omi ọṣẹ kí ẹ fi í síbẹ̀. Omi yóò mú kí èkù onígi wú kí ó sì mì, ọmọ tí ó bá sì fẹ́ bá yín fọ abọ́ yóò fi ìka wá ọ̀bẹ náà rí.

Bí ọ̀bẹ bá wá gé ènìyàn ńkọ́? Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná kí ẹlòmíràn sọ̀ ọ́. Ẹ bọ́ òrùka kúrò ní ìka náà kíákíá, nítorí yóò wú. Ẹ jẹ́ kí omi tí ó mọ́ ṣàn lé e lórí, kí ẹ fi aṣọ tí ó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ. Ìṣẹ́jú 10 gbáko ni, kí ẹ wo aago. Ẹ má máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ṣíṣí yẹn ni kì í jẹ́ kí ó dá. Kẹrosíìnì, gààrì, ọṣẹ ìfọyín, ewé tábà, epo mọ́tò: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń wo ọgbẹ́ sàn, ìyà ni wọ́n ń fi kún iṣẹ́ wa nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ẹ ṣe ohun tí mo ṣe fún ìyá ẹlẹ́ja. Ẹ tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan nínú ìka náà, kí ẹ sì nà án. Ẹ fi òwú kan ọ̀tún àti òsì orí rẹ̀, kí ẹni tí ó gé di ojú rẹ̀ kí ó sọ ìgbà tí ó mọ̀ ọ́n. Bí oríkèé kan bá kọ̀ tí kò tẹ̀, bí ìhà kan bá kú, bí ẹnu ọgbẹ́ bá là sílẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde tí kò dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 yẹn, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà. Ẹ má dúró de ìgbà tí òde yóò jiná. Bí orí ìka bá sì já pátápátá, ẹ fi aṣọ tí ó mọ́ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ wé e, ẹ fi í sínú ọ̀rá tí ó mọ́, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀rá náà sínú omi tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Kí ìka náà fúnra rẹ̀ má kan yìnyín. Ẹ gbé e dání lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tí í mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn le gbagidi tí ẹnu kò fi ní là. Inú erùpẹ̀, eruku àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ọgbẹ́ kékeré sì tó fún un láti wọlé. Ẹni tí ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí ìkẹyìn ti lé ní ọdún 10, kí ó gba òmíràn. Bí ọgbẹ́ náà bá jìn tàbí tí ó dọ̀tí, ọdún 5 ni kí a kà. Ẹni tí kò bá gbà á rí, tàbí tí kò dá a lójú, kí ó wá sọ fún wa láìtijú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà tí ẹ lóyún, ẹ wo káàdì yín, ọjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin baba ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí kò sí ẹni tí ó fún yín ní káàdì oyún, púpọ̀ nínú yín kò sì rántí abẹ́rẹ́ kankan láti ìgbà èwe.

Ìyáàfin Mushin, tí ẹ bá ti wọ rọ́bà sí ọ̀bẹ yín, ẹ kọ̀wé sí mi bí ó ti rí, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ọkọ yín bínú pé ẹ ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, n óò dáhùn lẹ́tà bàbá kan tí ó béèrè ìdí tí ojú òun fi ń sun omi nígbàkúùgbà tí ọyẹ́ bá dé.